Orúkọ tí Kò Sí Nínú Sáàmù

4713 North Malden Street,
Apartment 3,
Chicago, Illinois,
U.S.A.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1986.

Àdùfẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ilé ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ṣé aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé ṣì ń tà? Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n béèrè Màmá yín, torí pé kò sí lẹ́tà tí mo kọ sí ọ rí tí n kò kọ́kọ́ béèrè wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sẹ́yìn ni. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ní tiwa, ara le, a dúpẹ́. Otútù ti dé, atẹ́gùn orí adágún ti ń géni létí jẹ, mo sì ti kó àwọn kóòtù jáde nínú àpótí. Iṣẹ́ mi nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Evanston ń lọ bó ṣe ń lọ. O mọ̀ mí, Àdùfẹ́: bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ otútù lọ sọ̀rọ̀ otútù bọ̀, nǹkan wà lẹ́nu mi tí n kò fẹ́ tú síta. Jẹ́ kí n tú u síta. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán tí o sì sọ pé o kò bá mi ṣe mọ́, n kò ní lè bá ọ jiyàn, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, kà á tán.

Téèpù kan lè dé sọ́dọ̀ yín nígbà Kérésìmesì. Bámidélé àbúrò rẹ ni yóò fi í ránṣẹ́ sí Màmá, bó bá fi ránṣẹ́. Ohùn àwọn ọmọdé ìjọ wa ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń ka àkọ́sórí. Ohùn Bùnmi ọmọ mi wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí Màmá gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí o kò sí nítòsí.

O rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní àkọ́sórí nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Bí kò bá sí ẹsẹ Bíbélì, kò sí ẹ̀kọ mímu. Ìwọ lo máa ń sáré mú "Jésù sọkún" kí ẹlòmíràn tó mú un, títí màmá tó ń ṣọ́ ilé oorun wa fi sọ pé bí Jésù bá tún sọkún lẹ́nu rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwọ náà yóò sọkún. Àṣà yẹn ni Adéwọ̀yìn ọkọ mi gbé wọ ilé wa níbí. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ àárọ̀, olúkúlùkù á ka ẹsẹ kan láti orí, ní Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ jẹun àfi bí Adéwọ̀yìn bá ti ṣe Àmín sí i. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ti ilé ìwé, Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jẹ́ ti ilé. Ó máa ń sọ fún Bùnmi pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ìwé lè jóná, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá ti kọ́ sórí, kò sí olè tó lè jí i. Inú mi máa ń dùn sí i gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n bí síbí, tó ń fi imú sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, tí kò lè ka Yorùbá nínú ìwé, ó ń fetí gbọ́ ọ, ó sì ń kó o sórí bí ẹní ń kó ẹ̀pà sápò.

Lẹ́yìn tiwa, Adéwọ̀yìn fúnra rẹ̀ á wá ka Sáàmù kan. Tẹ́lẹ̀, onírúurú ni. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá ló ti di ẹyọ kan ṣoṣo, Sáàmù karùndínlógójì, èyí tí Dáfídì fi ń pe Ọlọ́run kó wá bá òun gbógun ti àwọn ọ̀tá òun.

Ohun tó fà á nìyí. Bámidélé ló wá sọ fún wa pé àyè iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn ní Skokie. Òun ló gbé ìwé ẹ̀rí Adéwọ̀yìn lọ fún wọn. O mọ̀ pé ìṣirò owó ni ọkọ mi kà ní yunifásítì, tákísí ló sì ń wà. Wọ́n pè é, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ra táì tuntun. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, a sì gbọ́ pé ẹlòmíràn ti wà lórí àga náà. Ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ wá sọ fún Adéwọ̀yìn pé Bámidélé ló sọ fún ọ̀gá wọn pé oníbìínú èèyàn ni Adéwọ̀yìn. Adéwọ̀yìn kò bi Bámidélé léèrè. Ó ń bá a rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ń fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run. O mọ bí àwọn èèyàn wa kan ṣe ń ṣe é. Ibi tí Sáàmù bá ti sọ̀rọ̀ ọ̀tá, wọ́n á ki orúkọ ẹni náà bọ̀ ọ́, wọ́n á fi orúkọ ìyá tó bí i tì í, kí àdúrà má baà ṣì ilé yà.

Àdùfẹ́, ọwọ́ mi ló ti gba orúkọ Màmá. A ń jẹun lọ́wọ́ ni, ó ní kí tilẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyá Bámidélé. Mo ní Sàdíátù. Mo tún ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ fún un pé ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí wọn sí, pé nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi, wọ́n ní àwọn ò pààrọ̀ orúkọ tí bàbá àwọn sọ àwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ ọ nínú Sáàmù: Bámidélé ọmọ Sàdíátù. Màmá tí wọ́n máa ń bu oúnjẹ tèmi kún ju tìrẹ lọ nígbà tí mo bá bá ọ wá sílé ní ìsinmi, tí o fi máa ń dijú mọ́rí! Mo gbọ́ ọ, mo sì ṣe Àmín. Mo ní kí n má dá ìjà sílẹ̀ láàárọ̀, iṣẹ́ ń dúró dè mí. Lọ́jọ́ kejì mo tún ṣe Àmín. Nígbà tó pẹ́, n kò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, bí èèyàn kì í ti í gbọ́ ariwo fíríìjì ilé ara rẹ̀.

Ní oṣù kìíní, Bámidélé yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níwájú ilé rẹ̀, egungun itan rẹ̀ dá. Mo kọ ìyẹn sí ọ nígbà náà. Mo kọ ọ́ pé a lọ bẹ̀ ẹ́ wò, pé mo se ọbẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ohun tí n kò kọ ni pé ibì kan wà nínú Sáàmù yẹn tó ti ní kí ọ̀nà wọn ṣókùnkùn, kó sì máa yọ̀. Nígbà tí Tinúkẹ́ ìyàwó Bámidélé fi tẹlifóònù sọ ọ́ fún wa, Adéwọ̀yìn jókòó, ó ní Ọlọ́run ń gbọ́ o. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Mo rò pé yóò fi Sáàmù náà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì fi í sílẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni a ṣe àjọ̀dún àwọn ọmọdé. Ìjọ wa kò ní ilé tirẹ̀, yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí la ń lò. Ọ̀kan nínú wọn, Barbara, obìnrin kan tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ bí ojú, ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó kọ́ gbogbo wọn ní Sáàmù ọgọ́rùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì. Bùnmi wá lọ sọ fún un pé òun mọ èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Yorùbá, pé òun fẹ́ fi ya Daddy òun lẹ́nu. Inú Barbara dùn. Ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó kọ́ ọ bó ṣe máa dúró, bó ṣe máa gbé ojú sókè. Kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé omijé bọ́ lójú òun lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí ó dùn létí òun.

Ọwọ́ iwájú ni Bámidélé jókòó sí nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nà án síta, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé rédíò onítéèpù lé itan kejì, ó ń gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀ fún Màmá. Adéwọ̀yìn wà láàárín àwọn àgbà. Bùnmi jáde síwájú nínú aṣọ funfun. Bó ṣe la ẹnu, tó jẹ́ Yorùbá, gbogbo ilé hó yè! Adéwọ̀yìn fi ìgùnpá gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ọmọ òun nìyẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá Sáàmù karùndínlógójì mọ̀. Mo mọ ohun tó wà ní ẹsẹ kẹrin. Mo dìde, ṣùgbọ́n àárín ọ̀wọ́ ni mo wà, kí n tó bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n gbé orúnkún kúrò, ó ti dé ibẹ̀.

Ó pè é ketekete, bí baba rẹ̀ ṣe ń pè é, tòun ti ìka tí baba rẹ̀ máa ń gún sílẹ̀: Bámidélé ọmọ Sàdíátù. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé orí ọmọ dàrú ni. Ó tún pè é. Nígbà tó dé ibi ọ̀nà tó ń yọ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, gbogbo ojú ló lọ sí ẹsẹ̀ Bámidélé. Bámidélé kò pa téèpù. Iná pupa rẹ̀ ń tàn títí ọmọ náà fi kà á délẹ̀, kò fo ẹsẹ kan. Barbara nìkan ló dìde tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń pariwo pé, "Amen! That's my baby!" Bùnmi tẹrí ba, ó wá ń fojú wá baba rẹ̀. Baba rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀ṣọ́ tí àwa kó ròde lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ohun tí àbúrò rẹ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún yín?" Tinúkẹ́ ló dá èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí Yẹlé, so this is what you people have been doing? Ọbẹ̀ tí ẹ gbé wá yẹn ńkọ́, ṣé after the prayer lẹ sè é?" Tinúkẹ́ yìí kan náà ló ń bá mi mú Bùnmi nílé ìwé ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́.

Nínú ọkọ̀, Bùnmi ní, "Daddy, did I mess up? Ṣé mo skip line kan ni?" Èmi ni mo sọ fún un pé orúkọ Uncle Bámidélé kò sí nínú Bíbélì. A kọjá iná ojú pópó méjì, ó wá ní, "Then who put him there?" Baba rẹ̀ ní kó gbàgbé gbogbo rẹ̀, kó má kà á mọ́. Ọmọ náà ní, "How? Ẹ ní kò sí olè tó lè jí i." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ẹnu ọmọ ni tiwa yóò ti jábọ́?

Láti ọjọ́ náà, tẹlifóònù kò sinmi. Ìjọ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní àdúrà wa ló ṣẹ́ Bámidélé lẹ́sẹ̀. Àwọn kan ní yìnyín Chicago kò nílò Sáàmù kó tó ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Bí mo ṣe ń dirun fún Bùnmi lọ́jọ́ kan ló ní, "Mummy, is it me? Mo máa ń sọ ọ́ along with Daddy, in my head. Ṣé èmi ni mo made Uncle fall?" Mo ju kóòmù sílẹ̀, mo gbá a mọ́ra, mo ní yìnyín ni, yìnyín ni. N kò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Èmi gan-an ń sọ ọ́ ni, n kò mọ̀ bóyá mo gba ara mi gbọ́.

Ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá arúgbó kan wà lọ́dọ̀ wa ní Evanston tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ọmọ náà á jókòó tì í, ìyá á máa pè é ní nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí o bá bẹ̀rẹ̀ Sáàmù tó kọ́ ní kékeré, yóò gbà á lẹ́nu rẹ, yóò sì kà á parí. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wú mi lórí. Ní báyìí, bí mo bá ń fún un lóúnjẹ, Bùnmi ni mo ń rò. Bó bá dàgbà débẹ̀, tó gbàgbé ilé, tó gbàgbé orúkọ tèmi, Sáàmù yẹn ni yóò ṣẹ́ kù sí i lórí, Bámidélé yóò sì wà nínú rẹ̀.

Mo sọ fún Adéwọ̀yìn pé kí a lọ bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun ni wọ́n ṣẹ̀, pé òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ò ní lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu òun. Mo bínú débi pé mo sọ fún un pé Ọlọ́run tó ń fi Sáàmù jí láràárọ̀ ìbá ti sinmi ká ní ó fi ẹnu ara rẹ̀ bi Bámidélé ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Èmi àti Bùnmi la lọ. Bámidélé ló ṣílẹ̀kùn. Tinúkẹ́ wà nílé ìdáná, mò ń gbọ́ bó ṣe ń fọ abọ́, kò jáde. Bùnmi kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀. Èmi náà fẹ́ kúnlẹ̀, Bámidélé dì mí mú, ó ní, "Ọmọ ò ṣẹ̀ mí o, Àǹtí. Ẹ dìde." Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ní ìyekan ọ̀gá ni wọ́n gbé síbẹ̀, pé òun bẹ̀bẹ̀ fún Adéwọ̀yìn títí wọ́n fi ní kí òun pa ẹnu òun dé, pé ojú ló ti òun láti wá sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́, Àdùfẹ́. O mọ̀ pé àbúrò rẹ kò mọ irọ́ í pa láti kékeré.

Ó wá bi mí pé, "Láti ìgbà wo ni, Àǹtí? Ṣé kí n tó ṣubú ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀?" Mo ń wo bàtà mi. Ó bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mi orí, ó ní kí a máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwọ ni n ó dá lóhùn: kó tó ṣubú ni.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ti ìyekan ọ̀gá fún Adéwọ̀yìn, ó dìde, ó ní òun ń lọ tan ẹ́ńjìnì mọ́tò kó lè gbóná. Ọ̀sán gangan ni, kò sì níbi tó ń lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyí. N kò mọ̀ bóyá Bámidélé yóò pa ohùn náà rẹ́ tàbí yóò fi ránṣẹ́. N kò lè bi í. Lọ bá Màmá, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi. Sọ fún wọn pé èmi Ọmọ́yẹlé ni mo fi orúkọ wọn sílẹ̀, pé mo sì ń ṣe Àmín. Bí wọ́n bá ní kí n má pe àwọn ní Màmá mọ́, ó tọ́ sí mi. Kí wọ́n ṣáà má fi ọmọ náà ré. Ìwọ náà, bí o bá fẹ́ bú mi, kọ̀wé bú mi. Èébú rẹ sàn fún mi ju kí n máa yẹ àpótí lẹ́tà wò kí n má bá nǹkan kan.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bá mi kí àwọn ará ilé yín tó bá ṣì fẹ́ gbọ́ kíkí mi. Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i níbí, ṣùgbọ́n n kò lè má sọ ti ọ̀sẹ̀ yìí fún ọ.

Láti ìgbà àjọ̀dún yẹn ni Bùnmi ti kọ̀ láti ka ẹsẹ kankan. Tíì ló ń mu, tó ń lọ ilé ìwé, baba rẹ̀ kò sì lè fi dandan mú un. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá ló kàn la ẹnu lórí tábìlì. Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà ni, èyí tí mo máa ń kà fúnra mi bí mo bá ń wọ bàtà iṣẹ́, pé mo gbé ojú mi sí orí òkè wọnnì. N kò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ó dé ibi tó ti ní Olúwa kì yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀, ó sì ki orúkọ bọ̀ ọ́. Olúwa kì yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ Bámidélé ọmọ Sàdíátù yẹ̀. Ó kà á délẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó ń wo baba rẹ̀, ó ń dúró de Àmín. Mo ṣe tèmi. Adéwọ̀yìn dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó jáde láìjẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ náà kò dáwọ́ dúró. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí òfin ilé wa ni.

Láàárọ̀ òní, nígbà tí Bùnmi kà á tán, Adéwọ̀yìn kò dìde. Ó jókòó, ó di etí tábìlì mú, mo wá rí i tí ètè rẹ̀ mì. N kò gbọ́ nǹkan kan. Bùnmi náà rí i. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ní, "Daddy, mi ò gbọ́."

Èmi tí ó ṣì ń fẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ,

Ọmọ́yẹlé